Bí A Ṣe Wá Dókítà fún Ẹṣin Bàbá Mi ní Bìní

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù nígbà tí mo wọkọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Dókítà ẹranko ni mò ń wá lọ sí Bìní. Bàbá mi, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló ra ẹṣin lọ́dún tó kọjá. Ó ní òun ti fi ẹsẹ̀ ara òun rìn lọ síbi iṣẹ́ fún ọdún márùndínlógójì, ó tó kí ẹlòmíràn máa rìn fún òun. Àmọ́ kókó kan yọ sábẹ́ ikùn ẹṣin náà, ó tóbi tó ọsàn, ibẹ̀ gan-an sì ni okùn gàárì ń gbà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ẹran nílùú wa ní àfi kí wọ́n là á, ṣùgbọ́n òun ò la ẹṣin rí. Ó kọ orúkọ dókítà mẹ́ta fún wa, Bàbá sì ní kí n lọ yan èyí tó dáa jù. Ó kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ mú ẹni tí yóò pa ẹṣin òun wá.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà lowó ọkọ̀. Ọ̀nà dán títí dé Ifọ̀n. Lẹ́yìn ibẹ̀, awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún kòtò bí ẹni ń jó. Nígbà tí mo sọ ohun tí mò ń wá lọ fún un, ó ní bó bá jẹ́ tòun ni, òun ì bá ta ẹṣin náà kí òun fi ra ọ̀kadà. Ó ní kókó kì í yọ lábẹ́ ọ̀kadà.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ni mo sọ̀ sí. Ó gbé iyán àti ọbẹ̀ kan tó dúdú bí èédú fún mi. Nílé wa, bí ọbẹ̀ bá dúdú báyẹn, ó ti jóná nìyẹn. Níbí, ewé tí wọ́n lọ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, bíláàkì súùpù ni wọ́n ń pè é. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún bù sí i. Àǹtí wà nínú ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ní òun á tẹ̀ lé mi, torí òun mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ènìyàn wò kí wọ́n tó yá a lówó. Ó mú ìwé àti bírò dání.

Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé wa lọ sí Uselu kí mi pé, "Kóyo." Mo rò pé ó ní kí n yọ̀ ṣubú, ni mo bá di irin mú gírígírí. Àǹtí ní bí àwọn ará Ẹ̀dó ṣe ń kíni nìyẹn.

Ajá ló kún ọ̀dọ̀ dókítà àkọ́kọ́. Mo fi fídíò ẹṣin náà hàn án lórí fóònù. Ẹṣin sín nínú fídíò, dókítà fò sẹ́yìn, àga rẹ̀ ṣubú. Àǹtí kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, a dúpẹ́, a jáde.

Èkejì wà ní New Benin. Ó de táì, ìwé ẹ̀rí sì bo ògiri rẹ̀. Ó ní ẹṣin kankan ò kú mọ́ òun lọ́wọ́ rí. Mo ti fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Àǹtí béèrè iye ẹṣin tó ti là. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní àǹfààní rẹ̀ ni kò tíì yọjú.

Ẹ̀kẹta, Dókítà Isoken, wà ní òkè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà ní Siluko Road. Obìnrin gíga kan ni, kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó ní, "Ẹṣin mẹ́ta ni mo ti là. Ọ̀kan kú."

Àǹtí pa ìwé rẹ̀ dé. Èmi náà dìde. Ṣùgbọ́n dókítà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó ní ọ̀bẹ kọ́ ló pa á. Nígbà tó jí lójú oorun abẹ́rẹ́, orí sìmẹ́ǹtì ló ti fẹ́ dìde, ó yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Láti ìgbà náà, òun kì í la ẹṣin àfi lórí koríko. Ó wá ń bi wá: ṣé koríko wà nílé? Kí ló ń jẹ? Ta ni yóò di orí rẹ̀ mú? Àwọn méjì ìṣáájú ò tiẹ̀ béèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

Àǹtí ní kó mú onídùúró wá. Dókítà tẹ ọkùnrin kan láago, ó sì gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Ẹni tó ni ẹṣin tó kú yẹn ni.

Ọkùnrin náà ní, "Obìnrin yẹn sunkún ju èmi tí mo ni ẹṣin lọ. Bí mo bá tún ra òmíràn, òun náà ni n ó pè."

Àǹtí tún ìwé rẹ̀ ṣí. Mo pe Bàbá, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Dúpẹ́, ẹni tí ẹṣin kú mọ́ lọ́wọ́ lo yàn?"

Mo ní, "Bàbá, òun nìkan ló mọ ohun tó ń pa ẹṣin."

Ó ní ó dáa, kí n máa mú un bọ̀. Dókítà gba fóònù, ó ní kí wọ́n má fún ẹṣin lóúnjẹ mọ́ di ọjọ́ kejì.

Láàárọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ gbé wa délé. Bàbá takú pé òun fúnra òun ni yóò di orí ẹṣin mú. Dókítà gún ẹṣin lábẹ́rẹ́, ẹṣin náà sì rọra dùbúlẹ̀ sórí koríko. Bí ọ̀bẹ ṣe kan awọ, Bàbá náà dùbúlẹ̀ láìgba abẹ́rẹ́. Dókítà ní kí n máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, aládùúgbò wa kan gba orí ẹṣin mú, iṣẹ́ ń lọ. Dókítà yọ kókó náà, ó rán ojú ọgbẹ́.

Ẹṣin ló kọ́kọ́ dìde, wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yọ̀. Nígbà tí Bàbá lajú, tó rí i tó dúró tì í, ó bi dókítà bóyá wọ́n ti rí kókó kankan lára òun.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ gbéṣẹ́ fún ènìyàn, mo máa ń kọ́kọ́ bi í léèrè èyí tó bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.