Ènì Bàbá Ògúnjìmí

Bí o bá dárúkọ olóògbé Ezra Ògúnjìmí fún àwọn Yorùbá tó wà ní Wedding, àdúgbò kan ní Berlin, ìtàn kéèkì aláwọ̀ ewé ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún ọ.

Ní ọdún 2016, Mọ́tọ́lá ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí ilé tíì àwọn ará Japan kan létí odò Spree, ní Berlin. Wọ́n gbé kéèkì matcha wá. Bàbá fi fọ́ọ̀kì tì í wò.

"Mọ́tọ́lá, ṣé kì í ṣe ewúro nìyí?"

"Dádì, ewé tíì ni. Wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná ni. Ẹ tọ́ ọ wò."

Ó tọ́ ọ wò, ó sì jẹ ẹ́ tán pátá. Ló bá dìde, ó kọrí sọ́dọ̀ obìnrin tó ni ilé tíì. "Madam, this your cake sweet well well. Ènì mi dà?"

Obìnrin náà rò pé ṣíbí ló ń bèèrè, ó mú ṣíbí fún un. Bàbá dá ṣíbí padà, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé: lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá tajà gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ lé e fún oníbàárà, ìbáà jẹ́ iyọ̀ ló ń tà. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń ṣe Mọ́tọ́lá bíi kí ilẹ̀ lanu.

Nígbà tó yá, obìnrin náà mú mochi kékeré kan, àkàrà ìrẹsì àwọn ará Japan, ó fi lé e lọ́wọ́, ó tẹrí ba. Bàbá kò gbà kí ẹnikẹ́ni ju òun lọ nínú ẹ̀kọ́ ilé, ó tẹrí ba jù ú lọ. Obìnrin náà tún tẹ̀ sí i. Kí àwọn méjèèjì tó nàró, fìlà Bàbá ti bọ́ sórí kéèkì ẹlòmíràn.

Kò jẹ mochi ọ̀hún o. Mọ́tọ́lá ló fún. "Ènì kì í ṣe ti ẹni tó rajà," ó ní. "Ti ẹni tó bá a wá ni. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

Lọ́jọ́ kan, ó sùn kọjá ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ nínú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro. Ó ní kí ayẹ̀wéwò fi ibùdó kan ṣe ènì fún òun. Ìwé ìtanràn nìyẹn já fún un. Bàbá wò ó síwá sẹ́yìn.

"Ẹyọ kan péré?"

Nígbà tí Mọ́tọ́lá gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Hamburg, Bàbá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kí i. Mọ́tọ́lá mú un lọ sí ilé tíì Japan tó wà létí odò Elbe. Lẹ́nu ọ̀nà, ó dá a dúró.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi máa ń wá síbí. Ẹ má bèèrè ènì."

Bàbá tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ó dáa, ọmọ mi."

Ó jókòó bí àna tuntun, ó jẹun, ó nu ẹnu, ó dúpẹ́. Ní ibùdókọ̀ ojú irin Hauptbahnhof, kó tó wọ ọkọ̀, ó ní, "Ṣé o rí i pé mo ṣe jẹ́jẹ́?"

Oṣù kejì sí ìgbà náà ni ọlọ́jọ́ dé. Nínú gbogbo ohun tó dun Mọ́tọ́lá, kò sí èyí tó dùn ún tó jẹ́jẹ́ yẹn. Òun ló gba ènì lẹ́nu bàbá òun.

Nígbà tí ikú Bàbá pé ọdún kan, ní 2019, Mọ́tọ́lá padà sí ilé tíì etí odò Elbe pẹ̀lú Ọládùnní, àbúrò kan tí wọ́n jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ó ra kéèkì matcha, ó sanwó, kò sì kúrò níwájú ọmọge tó ń tà á.

"Ènì mi dà?"

"Wie bitte?" Ọmọge náà ní kó tún un sọ.

Mọ́tọ́lá bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ wà lórí ìlà. Ó gbé ohùn sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti orí iyọ̀. Ọmọge náà rẹ́rìn-ín, ó fi bisikíìtì matcha kan lé e lọ́wọ́. Mọ́tọ́lá tẹrí ba débi tí ọ̀gá rẹ̀ fi pàtẹ́wọ́.

Ó fi bisikíìtì náà sọ́wọ́ Ọládùnní.

"Sister Mọ́tọ́lá, ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Mọ́tọ́lá ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú.

"Jẹ ẹ́. Èmi ti jẹ tèmi."