Lọ́yà Tí Ẹnu Rẹ̀ Wà Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Gbogbo ilé ló ń pè é ní Lọ́yà, ìyá tó bí i pàápàá. Ṣùgbọ́n níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ oníbúrẹ́dì, àbúrò lásán ni. Ẹ̀gbọ́n yìí ló rán an níléèwé lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé. Nígbà tó wá ní kí Lọ́yà bá òun pe aládùúgbò òun lẹ́jọ́, pé ó mọ ògiri wọ ilẹ̀ òun, ta ni yóò sọ pé òun ò ṣe?

Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ẹjọ́ náà gbára lé: ọkùnrin tó wọn ilẹ̀ náà. Gbogbo ìgbà tí kọ́ọ̀tù bá jókòó, ẹ̀gbọ́n á ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Lọ́yà á tẹríba, á tọrọ ọjọ́ mìíràn. Aládùúgbò á tún sanwó fún lọ́yà tiẹ̀, á ti ṣọ́ọ̀bù pa, á wá jókòó lásán. Ìgbà tó yá ni ẹ̀gbọ́n jẹ́wọ́ ní ọ́fíìsì Lọ́yà: ọkùnrin náà ti sọ fún un tipẹ́ pé ògiri ò wọ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, òun ò sì ní wá. Lọ́yà bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jáwọ́. Ẹ̀gbọ́n yarí kanlẹ̀.

"Tọrọ ọjọ́ sí i. Ó máa sú u."

Ọ̀mọ̀wé wa sì lọ tọrọ ọjọ́!

Ó sú adájọ́ kó tó sú aládùúgbò. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù, ó ní gbogbo owó tí aládùúgbò ti fi ṣòfò, àpò Lọ́yà fúnra rẹ̀ ló ti máa jáde, àfi tó bá lè wá ṣàlàyé ìdí tó fi ń fa ẹjọ́ bí ẹni ń fa rọ́bà.

Àlàyé kún ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí oníbàárà bá sọ fún lọ́yà, lọ́yà ò gbọdọ̀ tú u síta, àyàfi tí oníbàárà bá yọ̀ǹda. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Ló bá gba ilé búrẹ́dì lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ pé mo kìlọ̀ fún yín. Gbólóhùn kan péré."

Ẹ̀gbọ́n ń po ìyẹ̀fun, kò gbójú sókè. "Kí gbogbo ayé lè pè mí ní òpùrọ́? Èmi tí mo rán ẹ níléèwé? San án jàre. Ṣebí o níṣẹ́ lọ́wọ́."

Lọ́yà ta ọkọ̀ rẹ̀, ó sì san án. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn ún tó ohun tó bá nílé ìyá wọn lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó ti rojọ́.

"Lọ́yà," ìyá wọn ní, "ṣé òótọ́ ni pé ìwà ọ̀lẹ rẹ lo fi ba ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́?"

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń jẹun lọ ní tiẹ̀. Àṣírí oníbàárà ò mọ sí kọ́ọ̀tù. Ó dé iwájú ìyá ẹni. Inú bí Lọ́yà débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Má bínú kẹ̀? Wí tẹnu rẹ nígbà náà! Àbí ẹnu kọ́ lo fi ń jẹun ni?"