Baba Méjì Tí A Wá Lọ sí Shika

Òórùn kósáì gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Tudun Wada, ní Zaria, láàárọ̀, kí òórùn yíǹkì tó gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń dín àkàrà náà wà lẹ́nu ọ̀nà mi gan-an. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ a máa gbé èéfín rẹ̀ wọlé tòun ti eruku, títí mo fi kọ́ láti máa fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kí n tó ṣílẹ̀kùn. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà ni mo ṣì ń ṣe: mo ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kà dé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà bá mi lára mu, nítorí n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo sì fẹ́ràn kí nǹkan wà ní ipò rẹ̀.

Olùkọ́ yunifásítì kan wà tó máa ń wá sọ́dọ̀ mi, obìnrin Èkìtì tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní Zaria. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n Dókítà ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní Àǹtí. Ó kọ ìwé kan lórí bí àgùntàn ṣe lè la ọ̀gbẹlẹ̀ já pẹ̀lú harawa, ìyẹn ewé àti ìtàkùn ẹ̀pà tí àwọn àgbẹ̀ ibí máa ń sá gbẹ. Jọ́nà ìwádìí tó fi í ránṣẹ́ sí ti dá a padà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n lòdì sí, àwọn ìwé ìtọ́kasí tó wà lẹ́yìn ni, tí gbogbo wa ń pè ní rẹ́fúrẹ́ǹsì. Wọ́n ní kí orúkọ ìdílé ṣíwájú, kí lẹ́tà kan ṣoṣo dúró fún orúkọ àbísọ, kí ọdún wà nínú àkámọ́, kí àkọlé wà ní lẹ́tà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí nọ́ńbà ojú ewé má sì ṣe sọnù. Bí kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn títí di ọjọ́ Ẹtì, wọn ò ní gbà á mọ́.

"Wọ́n ti fò mí dá rí nígbà ìgbéga, Àǹtí," ló wí. "Bí èyí ò bá wọlé, wọ́n á tún fò mí."

Báyìí la ṣe jókòó tì í. Ó ń kà, mò ń tẹ̀, ìka rẹ̀ ń rìn lórí ìwé bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Kósáì tí mo rà fún un ti tutù.

"Dókítà, ẹ jẹun. Kọ́mà ò ní sá lọ."

"Kọ́mà yìí ló fẹ́ pa mí, Àǹtí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ pa òun ná."

Ìwé ìtọ́kasí méjì ló kù tí a ò rí ojú ewé wọn. Iṣẹ́ àtijọ́ ni méjèèjì, láti ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn ní Shika. Orúkọ ìdílé tó wà lórí wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n lẹ́tà orúkọ àbísọ bára mu. Mo ní bóyá bàbá àti ọmọ ni. Dókítà ní rárá, onímọ̀ méjì ni wọ́n, ohun tó sì mú inú òun dùn nìyẹn. Nínú ìwé rẹ̀ ló ti kọ ọ́ pé àwọn méjì tí wọn ò jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ rí ohun kan náà: harawa pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ èèrí ọkà tó láti gbé àgùntàn dé àkókò òjò. Gbólóhùn yẹn ni òpó tó gbé gbogbo ìwé náà ró. Ẹlẹ́rìí méjì yàtọ̀ sí ẹlẹ́rìí kan.

Ó pe ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkówèésí kan lórí fóònù. Onítọ̀hún ní ọ̀kan nínú wọn ti fẹ̀yìn tì, ó sì ń gbé ní Shika. Dókítà ní bóyá ìyẹn á mọ ibi tí èkejì wà. Hausa tirẹ̀ kò ju kíkí àti dídúnàá-dúrà lọ, Zaria ni wọ́n sì bí èmi sí, ló bá bẹ̀ mí pé kí n sin òun lọ. A ti ṣọ́ọ̀bù, a wọ Márúwá, a tún wọ takisí.

Lábẹ́ igi dóńgóyárò la bá bàbá náà lórí ẹní, rédíò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ ń po fúrà mọ́ wàrà nítòsí. "Sannunku da zuwa," ló fi kí wa káàbọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fi Hausa ṣàlàyé pé ojú ewé iṣẹ́ rẹ̀ là ń wá, a sì ń béèrè onímọ̀ kejì. Dókítà ka orúkọ onímọ̀ kejì sókè.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. "Ó wà nílé," ló wí. "Òun ló jókòó yìí. Ẹ kí i."

"Baba, ẹ má fi àlejò ṣeré," ni ọmọ rẹ̀ sọ.

Bàbá wá ṣàlàyé. Níbẹ̀rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ ló ń kọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn dé ọ́fíìsì tí orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá tirẹ̀ bá tòun mu gẹ́lẹ́. Kí lẹ́tà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wọn má baà máa dàrú, ọ̀gá ní kí òun fi orúkọ ìlú òun rọ́pò ti bàbá òun.

Èmi ni mo ní láti fi Yorùbá sọ ọ́. "Dókítà, ẹnì kan ni wọ́n."

"Ta ni?"

"Àwọn méjèèjì."

Dókítà pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. "Òpó mi ti wó nìyẹn. Àǹtí, bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò mọ̀?"

Kò pẹ́ tó tún fi gbójú sókè. "Ẹ bá mi bi í. Kí ló dé tó fi tún iṣẹ́ kan náà ṣe?"

Ìbéèrè yẹn mú kí bàbá pa rédíò rẹ̀. Ó ní ọdún tí òun ṣe àkọ́kọ́, òjò pọ̀, ewé harawa kún. Gbogbo ènìyàn yin òun, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò balẹ̀. Darandaran ni bàbá òun, ó sì máa ń sọ pé ọdún tí koríko pọ̀ kì í kọ́ni ní dídà ẹran. Nígbà tí òjò wá ṣọ̀wọ́n, òun tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

"Àṣìṣe mi ni mò ń wá," ló wí. "N ò rí i."

Bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ tán, mo rí i tí ojú Dókítà ń là díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí iná mànàmáná dé. Ọmọ bàbá gbé àwọn ìwé náà jáde láti inú àpótí, a kọ ojú ewé wọn sílẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ dìde, bàbá ní kí a jọ̀wọ́, kí a má yọ orúkọ bàbá òun kúrò lórí ti àkọ́kọ́. "Kò mọ ìwé kà," ló wí, "ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé."

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà yọ ẹlẹ́rìí méjì rẹ̀ kúrò. Ó kọ ọ́ pé onímọ̀ kan ṣoṣo ni, tó bẹ̀rù pé ọdún ọ̀pọ̀ lè ti tan òun, tó sì padà lọ dán ara rẹ̀ wò ní ọdún ọ̀dá. Òfin jọ́nà ni pé bí orúkọ bá ṣe wà lórí iṣẹ́ ni kí a kọ ọ́, nítorí náà orúkọ méjèèjì wà nínú rẹ́fúrẹ́ǹsì bí wọ́n ṣe wà. Ìwé náà lọ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, wọ́n sì gbà á. Ìgbéga rẹ̀ náà dé lẹ́yìn náà. Mo tẹ ẹ̀dà kan, a gbé e lọ sí Shika. Bàbá fi ìka lé orúkọ bàbá rẹ̀, kò sì tètè gbé e kúrò.

Èmi náà, Mama Kwamfuta, ìyẹn Ìyá Kọ̀ǹpútà, ni oníkósáì ń pè mí, orúkọ ọkọ mi ni wọ́n mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ tí ìyá mi sọ mí ṣì wà lẹ́nu àwọn ẹbí mi ní Ọ̀yọ́. Ìyẹn kò dà mí láàmú. Èyí tó kù sí mi lọ́kàn ni bí bàbá yẹn ṣe padà lọ sídìí iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ti yìn. Láti ìgbà náà, bí mo bá tẹ ìwé tán, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ń wá àṣìṣe mi. Nígbà míràn mo máa ń rí i. Lọ́jọ́ tí n kò bá rí i, mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́ síwájú kọ̀ǹpútà náà díẹ̀, inú mi a sì dùn sí iṣẹ́ tí mo yàn.