Wọ́n Ní Kí N Máa Jókòó, Ìgbáròkó Mi Ṣẹ́

Ọjọ́ tí n kò lè dìde lórí àpótí tí mo fi ń ṣe àlùwàlá ló yẹ kí n ti mọ̀. Mo ti ara mi sókè lẹ́ẹ̀mejì, itan mi kọ̀. Ògiri ni mo dì mú kí n tó dìde. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, fìlà ni mò ń rán ní agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà. Mo sọ fún Mukaila ọmọ mi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àgbà ló dé, Màmá. Ẹ máa jókòó."

Bí àwọn ará ilé mi ṣe jí ẹsẹ̀ mi gbé nìyẹn, wọ́n sì pè é ní ìtọ́jú. Wọ́n ra àga onítìmùtìmù, wọ́n ń gbé ẹ̀kọ àti ẹ̀bà bá mi níbẹ̀. Wọ́n ní kí ni arúgbó fẹ́ fi ẹran ṣe. Ọdún méjì gbáko ni mo fi jókòó bí òmùgọ̀, tí mò ń sọ pé ẹ ṣeun.

Ẹnu ọ̀nà yàrá mi ni mo ti kọsẹ̀ ṣubú. Mo gbọ́ ìró kan bí igi gbígbẹ tó dá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi yí síta, ó kúrú ju tòsì lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fara kan bẹ́ẹ̀dì, inú itan ni mo ti ń gbọ́ ọ. Lásísì, àbúrò ọkọ mi, tí kò kọ́ ìṣègùn kankan rí, wò ó, ó ní, "Iṣan ló fà." Ọjọ́ méjì ló fi òrí gbígbóná wọ́ ọ. Mo bú u títí ohùn mi fi há. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, bí àgbàlagbà bá ṣubú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tó yí síta, ẹ má wọ́ ọ. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ kẹta, Mukaila gbé mi lọ sílé ìwòsàn, a sì wà lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Fọ́tò egungun tí wọ́n yà fi hàn pé ọrùn egungun itan ló ṣẹ́, níbi tó ti wọnú ìgbáròkó. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n fi irin dè é. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin tó ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn fọwọ́ tẹ itan mi.

"Màmá, iṣan yín ti joro kí egungun tó ṣẹ́. Ohun tí àwọn olùwádìí ń tẹnu mọ́ báyìí nìyẹn: iṣan ló ń di àgbà mú kó má ṣubú. Àìrìn àti àìjẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja ló ń jẹ ẹ́ run. Ẹ dìde."

"Lónìí?"

"Ní báyìí."

Mukaila fẹ́ bá mi bẹ̀bẹ̀. Mo fọwọ́ dá a dúró. Mo sunkún, mo dìde.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń dìde, tí mo tún ń jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Nígbà tí mo fi ọ̀pá rìn dé Bẹẹrẹ, gbogbo ẹlẹ́nu ló ń kí mi pé kí n rọra, kí n má ṣe wàhálà. Mò ń rìn lọ ní tèmi.

Mo máa ń sọ pé ara mi ló dà mí. Irọ́ ni. A ní kó jókòó, ó jókòó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tí kò ṣàánú mi. Mò ń tiro. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gun òkè Màpó, mo dúró sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni dì mí lọ́wọ́ mú.