Wọ́n Ní Ìyá Ò Gbádùn

Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Àárín ìkarùn-ún ni wọ́n ti lé mi, wọ́n ní mo ń jẹ ṣọ́ọ̀kì. Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ mi. N kò jẹ ṣọ́ọ̀kì; mo ń tà á ni, fún àwọn obìnrin tó ń fi lé èèrà nínú ilé. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, òótọ́ ni, àfi ìwọ̀nba ibi tí ẹnu mi kò bá lè kó ara rẹ̀ níjàánu.

Rédíò ni mo ń tún ṣe ní Banjul, ní àdúgbò Campama, láwọn ọdún tí fóònù alágbèéká kò tíì gbòde. Iṣẹ́ náà dá mi lójú. Ọkùnrin kan gbé rédíò rẹ̀ wá láti Bundung, ó ní Wolof nìkan ló ń sọ. Mo tú u, mo fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, mo fi irin kan ro ó síhìn-ín sọ́hùn-ún, láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ Hausa. Inú ọkùnrin náà kò dùn. Kò gbọ́ Hausa.

Yàrá kan ni mo ní nínú ọgbà kan tí èrò kún. Ìyá arúgbó ni onílé wa, Aku, Mùsùlùmí bíi tèmi, ọmọ ọmọ àwọn tó ti Freetown wá láyé àtijọ́. Èdè tí wọ́n ń sọ kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ bí egungun nínú ọbẹ̀ ẹja. Mama ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Yàrá tó kọjú sí tèmi, tíṣà kan ló ń gbé ibẹ̀, obìnrin, ọmọ Ìjẹ̀bú, Kristẹni. Lọ́sàn-án, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nírọ̀lẹ́, ó ń kàwé fún ìdánwò tara rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń kà. Ó ní bí ọmọ ènìyàn ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni. Mo ní wọ́n ń kàwé lórí ìyẹn náà? Mo ní ìyá mi kò ka a, b, d, bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá pe èèyàn ní ẹ̀yìnkùlé wọn, ìlú kejì ni wọ́n ti ń dá wọn lóhùn.

Ó mú èédú, ó ya á sára ògiri fún mi. Mama sọ̀rọ̀ sí i títí nítorí ògiri náà. Ó kọ́kọ́ ya ti àwọn ará Gíríìkì àtijọ́: ẹni tó ń sọ, ohun tó ń sọ, àwọn tó ń gbọ́. Ó ya èkejì, ó ní àwọn ẹnjiníà tẹlifóònù Amẹ́ríkà ló ni ín: ọ̀rọ̀ máa kúrò lẹ́nu, á gba ojú ọ̀nà kan kọjá, ojú ọ̀nà yẹn ni ariwo ti máa ń kọ lù ú.

“Èyí yé mi,” ni mo wí. “Ariwo ni mo fi ń jẹun.”

Mo wá bi í pé ẹni tó jókòó sí ìdí ìlà lọ́hùn-ún, ṣé odi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣe sùúrù, àwọn mìíràn dé lẹ́yìn tí wọ́n ní èsì gbọ́dọ̀ padà. Ó fa ìlà mìíràn láti ọ̀dọ̀ olùgbọ́ padà sọ́dọ̀ olùsọ. Èyí tó yà kẹ́yìn ni òbìrìkítí méjì tí ọ̀kan gun èkejì díẹ̀. Gbogbo ohun tí olùsọ ti rí láyé ló wà nínú ọ̀kan, ti olùgbọ́ wà nínú èkejì. Ibi tí méjèèjì ti pàdé nìkan ni wọ́n ti lè yé ara wọn. Mo ní a jẹ́ pé òbìrìkítí kan ṣoṣo ni èmi àti àbúrò mi. Ọmú kan la mu, pàṣán kan ló nà wá.

Òjò dé, Campama kún fọ́fọ́. Ẹja àrọ̀ kan gun bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní kí n sún síwájú díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù ránṣẹ́ sí mi pé wọ́n pè mí láti Nàìjíríà, wọ́n á tún pè láago mẹ́rin. Mo ká ṣòkòtò sókè, mo kó bàtà lọ́wọ́, mo la omi lọ. Àbúrò mi ni, èyí tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Ìbàdàn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìyá ò gbádùn.”

Wáyà ń hó.

“Ẹ tètè máa bọ̀.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní kó ṣe ọkàn gírí. Mo gbé e kalẹ̀.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ wa kò ní bi mí pé kí ló yé mi níbẹ̀. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Ara wọn ò yá, máa bọ̀, ni à ń wí, kí ẹsẹ̀ onítọ̀hún lè gbé e délé kó tó mọ̀. Nígbà tí Bàbá kú, ohun tí àbúrò mi yìí kan náà sọ fún mi ni pé ẹ̀fọ́rí ń dà wọ́n láàmú, wọ́n fẹ́ rí mi. Mo ra oògùn ẹ̀fọ́rí. Mo gba Mali, mo gba àwọn ibi tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti gbàgbé, oògùn wà lápò mi. Nígbà tí mo délé, koríko ti ń hù lórí sàréè.

Nítorí náà, Ìyá ti kú. Bí ó ṣe yé mi nìyẹn, kò sì sí ariwo kankan lójú ọ̀nà. Mùsùlùmí sì ni wá, ọjọ́ tí èèyàn bá kú la ń sin ín. Kò sí ohun tí mo fẹ́ la àgbàrá sáré lọ bá. Mo pinnu pé tí òjò bá rọlẹ̀, màá lọ ṣe ogójì ọjọ́ wọn.

Mo sọ fún Mama. Wọn kò bi mí ní ìbéèrè, wọ́n rẹ ẹ̀wà sómi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta wọ́n ṣe ohun tí àwọn Aku ń pè ní àwùjọ fún òkú, wọ́n dín àkàrà, wọ́n pín in fún gbogbo ọgbà. Àwọn aládùúgbò ń wọlé, wọ́n ń fún mi lọ́wọ́, wọ́n ń sọ sigil ndigale, bí àwọn Wolof ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Omi Campama ga sí i. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹkún tán. N kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Mo ń jẹun, kò dùn, kò sì korò.

Tíṣà wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi. Ó ní kí ni àbúrò mi sọ gan-an. Mo sọ fún un. Ó ń dúró de ìyókù.

“Ṣé ó tán nìyẹn?”

“Ó tán.”

“Ẹ ò bi í pé ṣé wọ́n ti kú ni?”

Mo wò ó bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé. Ta ni í bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Tí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti kú, o ti fipá fa ohun tí onítọ̀hún ń bò yọ lẹ́nu rẹ̀. Tí wọn kò bá sì tíì kú, o ti fi ẹnu ara rẹ pa ìyá rẹ. Ó ní òun náà mọ àṣà yẹn, ọmọ Yorùbá ni òun.

“Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹni tí wọ́n ní kò gbádùn, kò gbádùn náà ni.”

Mo ní bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Ìjẹ̀bú. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀ mí pé kí n pe ilé padà. Mo ní màá pè. N kò pè. Mo sọ fún un pé omi ti gba wáyà. Ohun tó ṣe mí ni pé n kò fẹ́ fi etí gbọ́ ohun tí mo ti fi inú gbọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin onítẹlifóònù tún ránṣẹ́. Ó ní àbúrò mi pè, ó ní ìyá mi ń bèèrè mi. Àánú ọmọ náà ṣe mí, bó ṣe ń ru irọ́ yẹn kiri láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní kí obìnrin náà sọ fún un, tí ó bá tún pè, pé mo ń bọ̀ lẹ́yìn òjò.

Òjò rọlẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí ọjọ́ tó kọ́kọ́ pè. Mo di ẹrù mi, mọ́tò ti wà fún ọ̀la. Mo lọ pè é pé kó bá mi wá àgbò sílẹ̀.

“Àgbò kí ni, Ẹ̀gbọ́n?”

“Ti ogójì ọjọ́ Ìyá.”

Mo gbọ́ tí ó ti ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún.

“Jímọ̀ tó kọjá ni Ìyá kú,” ló wí. “Ta ló sọ fún yín?”

Mo ní Jímọ̀ wo. Ó ní Jímọ̀ tó kọjá yìí. Ó ní wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì Ìyá kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Tí ọ̀kadà bá ti dúró níta, Ìyá á ní kí wọ́n lọ wò ó bóyá èmi ni. Òun sọ fún wọn pé mo ń bọ̀ lẹ́yìn òjò. Wọ́n ní ṣé òjò ibẹ̀ yàtọ̀ sí tibí ni. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka lẹ́tà.

Mo ní, “O ní wọn ò gbádùn.”

“Wọn ò gbádùn.”

“Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe wí nígbà ti Bàbá.”

“Ẹ̀gbọ́n, lẹ́yìn ti Bàbá, ẹ dì mí mú lọ́rùn ẹ̀wù ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ní kí n má purọ́ irú ẹ̀ fún yín mọ́ láéláé. Ẹ ní tó bá di ti Ìyá, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí.”

Lóòótọ́, mo dì í mú. Mo rántí ẹ̀wù náà, aláwọ̀ ewé, bọ́tìnnì kan já sọnù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ni n kò rántí mọ́ títí ó fi dá a padà fún mi.

Mo ní ó ti yé mi. Mo ní kó bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Mo dúró nídìí tẹlifóònù náà, mo ń retí ẹkún. Kò wá. Mo ti sun gbogbo rẹ̀ tán lórí obìnrin tó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná lásìkò náà, tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo padà sí ọgbà, Mama bi mí pé kí ni wọ́n wí nílé. N kò lè ní kí wọ́n tún wá kí mi kú ọ̀fọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní wọ́n kí wọn. Tíṣà wà nídìí ìkòkò rẹ̀, ó gbójú sókè wò mí.

Ní òwúrọ̀ mo wọ mọ́tò tó ń lọ sí òkè odò. Iwájú ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. A kò tíì kọjá Mile Two tí mo ti ń sọ fún un pé kó sáré. Ó ní ta ló ń dúró dè mí. Mo ní ìyá mi ni. Ó tẹ iná mọ́ ọn.