Nevyana Aránṣọ àti Abọ́ Kẹrin

Mo ń jowú Nevyana. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ ná kí n tó sọ ohun mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Obìnrin tó ń pààrọ̀ síípù sókòtò nílùú Sevlievo ni. Ìwé kẹjọ ló kà. Èmi Radoy, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Gabrovo kí n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, èmi rèé, mo sanra dáadáa, owú náà sì ń jẹ mí.

Èmi àti Doncho ọ̀rẹ́ mi la dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ lórí ayélujára ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ìbéèrè kan ṣoṣo là ń jiyàn lé lórí níbẹ̀: kí ló mú kí ohun tó dára dára? Ṣé inú nǹkan náà ni dídára wà, àbí ojú ẹni tó ń wò ó? Àwọn kan ní kò sí níbì kankan nínú méjèèjì, pé ìgbà tí èèyàn àti nǹkan bá pàdé ló ń yọjú, kí ẹnu tó rí ọ̀rọ̀ pè é. Ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa bí ogójì ló wà níbẹ̀, kárí orílẹ̀-èdè wa, láti Varna dé Vidin, a sì ti bára wa jà lórí ọ̀rọ̀ yìí débi pé àwọn méjì kì í kí ara wọn mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dá sí i, wọn á ní, "Tíṣà ti sọ̀rọ̀," ìjà á sì parí.

Bẹ́ẹ̀ ló rí títí Nevyana fi dé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kì í ṣe ọgbọ́n ló wá wá. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ ló ta sí aṣọ sílíkì oníbàárà rẹ̀, ó ń wá ohun tí yóò fi yọ ọ́, ó wá já sí àárín wa nítorí pé ẹnìkan ti kọ nǹkan nípa sílíkì rí. A sọ fún un kí ó da lẹ́búlẹ́bú ẹfun lé epo náà kí ó lè fà á. Epo lọ, Nevyana ò lọ.

Díẹ̀díẹ̀ la fi mọ ìtàn ayé rẹ̀. Abúlé lẹ́sẹ̀ òkè ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló wọ ilé iṣẹ́ aṣọ ìjọba, ọdún mọ́kàndínlógún ló sì fi rán apá òsì ẹ̀wù níbẹ̀. Apá òsì nìkan! Ẹlòmíràn ló ń rán apá ọ̀tún. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, ọkọ rẹ̀ lọ sí Spéènì láti máa wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ń pè lójoojúmọ́, ó di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó di ọdún tuntun nìkan, lẹ́yìn náà kò pè mọ́. Nevyana gba yàrá kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà, níbi tí oníbàárà gbọ́dọ̀ tẹ orí ba kó tó wọlé. Ibẹ̀ ló wà títí dòní.

Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ tó kọ nípa ẹ̀wù òtútù kan. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀wù bàbá rẹ̀ wá kó bá òun pààrọ̀ aṣọ inú rẹ̀. Nevyana tú u, ó rí i pé ẹni tó rán an ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn rán inú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé, gẹ́gẹ́ bó ṣe rán ọrùn rẹ̀. Ó ní òun jókòó tì í títí tíì tí òun fẹ́ mu fi tutù. Kò sọ ohun tí dídára jẹ́. Ó kàn parí rẹ̀ báyìí pé, "Ojú àwọn apá òsì tí mo ti rán wá ń tì mí."

Èsì igba ó lé mẹ́rìnlá ló gbà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo gbé àròkọ mi jáde lórí ìpele mẹ́rin tí dídára ní, ojú ewé mọ́kànlá. Èsì mẹ́ta ni mo gbà. Àwọn méjì kí mi kú iṣẹ́, ẹlẹ́ẹ̀kẹta sì ni Doncho, ó ní mo ṣi ọdún kan kọ.

Ìyàwó mi, Yonka, kú ní oṣù kejì èṣí. Ó fi ìgò lyutenitsa mẹ́sàn-án sílẹ̀ ní àjà ilẹ̀, ata tí wọ́n sun, tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì rò mọ́ tòmátì lórí iná títí ó fi ki. Mo ń ṣọ́ ọ jẹ. Nígbà tí ó ku ẹyọ kan, mo pinnu ohun tí n ó fi í ṣe. Ní gbogbo oṣù kẹwàá, àwọn díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa tó bá ráyè máa ń pàdé ní ilé Doncho ní abúlé kan lókè Tryavna, oníkálukú á sì gbé lyutenitsa ilé rẹ̀ dání. Ginka, ìyàwó Doncho, á tú wọn sínú abọ́ funfun kan náà, á fi nọ́ńbà sí wọn, á sì jáde lọ fún wàrà ewúrẹ́, kí ojú rẹ̀ má baà tú àṣírí. Àwa á tọ́ wọn wò, a ó fún abọ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti ení dé ẹ̀wá. Abọ́ tó bá gbẹ́yìn di ti adìyẹ kí a tó mọ ẹni tó ni ín. Èyí tó bá gbégbá orókè, a ó kọ orúkọ ẹni tó sè é sí ojú ewé àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ wa fún odidi ọdún kan. Orúkọ Yonka ni mo fẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Yàtọ̀ sí Ginka tó máa kọ orúkọ sílẹ̀, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé ìgò náà, mo fi há itan nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi débẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Nevyana máa wá. Bó ti yọ lẹ́nu géètì, gbogbo wọn dìde bí ẹni tí ìyàwó tuntun wọlé tọ̀. Kò sẹ́ni tó dìde fún èmi.

"Aránṣọ wa dé!" Genko ló pariwo, ọ̀mùtí ẹgbẹ́ wa. "Ṣé kí n bọ́ sókòtò mi báyìí ni? Síípù rẹ̀ ti kú."

"Bọ́ ọ, Genko," ni Nevyana dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ tí mo rẹ́rìn-ín, síípù ni mò ń rín o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ó wá yíjú sí mi, ó sì tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, Tíṣà. Gbogbo ohun tí ẹ ń kọ ni mò ń kà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń kà á, torí kì í yé mi lẹ́ẹ̀kan."

Èébú ni mo pè é. Lónìí, mi ò rò pé èébú ni.

A jókòó sídìí tábìlì lábẹ́ igi àjàrà, abọ́ mẹ́rin wà níwájú wa, pẹ̀lú búrẹ́dì àti wàràkàṣì funfun. Abọ́ kejì pupa fòò, ó jọ̀lọ̀, ó dùn. Mo di ojú, omi sì lé sí i. Yonka mi nìyí! Mo fún un ní mẹ́wàá. Mo dé orí abọ́ kẹrin, mo rí eèpo jíjóná dúdú dúdú wínníwínní nínú rẹ̀. Ṣebí Nevyana ló kọ ọ́ sórí ayélujára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pé ó yẹ kí èèyàn fi eèpo díẹ̀ sílẹ̀ lára ata, kí adùn iná má baà ṣòfò? Ọwọ́ mi tẹ̀ ọ́ wàyí, mo wí nínú ara mi. Mo fún un ní oókan, mo sì dìde.

"Ẹ̀yin ará, ẹ wo abọ́ kẹrin yìí," ni mo wí. "Ọ̀lẹ ló sè é. Kò lè bó ata, ó wá pe àìlèbó rẹ̀ ní ọgbọ́n. Bí a bá gba irú èyí láàyè, kí la wá ń fi ọdún mọ́kànlá jiyàn lé lórí?"

"Tíṣà, ó kúkú dùn lẹ́nu mi," ni Genko wí, ó ń lá ṣíbí.

"Ẹnu wo? Ẹnu tí ọtí ti pa kú!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tọkọtaya kan tó wá láti Ruse ti kọ mẹ́jọ sílẹ̀, mo rí i tí wọ́n pa á rẹ́, tí wọ́n kọ mẹ́ta. Doncho náà fà á wálẹ̀. Inú mi dùn.

"Èmi fún un ní mẹ́wàá," ni Nevyana wí.

"Kò yà mí lẹ́nu. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá òsì niṣẹ́ ẹ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Doncho tẹjú mọ́ àwo rẹ̀. Nevyana ní, "Tíṣà, mi ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹni tó sè é yìí kò kúrò nídìí ìkòkò. Kò jó nídìí, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣàn. Ó dúró tì í ni, bó tilẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ lórí tábìlì kí wọ́n pe orúkọ ná."

"Òfin ni òfin," ni mo wí.

A ro máàkì pọ̀, abọ́ kẹrin ló gbẹ́yìn. Wọn ò rán mi níṣẹ́. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé, mo fi ṣíbí ha á sílẹ̀ tónítóní fún adìyẹ. Wọ́n ń jà sí i. Mo dúró, mo ń wò wọ́n, ó sì dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní purọ́.

Ginka dé pẹ̀lú garawa wàrà rẹ̀, ó yọ ìwé láti àpò épírọ́ọ̀nù. "Ẹ gbọ́ o. Abọ́ kìíní, Doncho ni. Abọ́ kejì, Genko."

Ojú ti Genko. "Ẹ má bínú. Ọjà ni mo ti rà á, mo kàn dà á sínú ìgò ìyá mi ni."

"Abọ́ kẹta, àwọn ará Ruse. Abọ́ kẹrin, Tíṣà. Ó ní orúkọ ìyàwó òun ni kí n kọ, Yonka."

"Ti Nevyana ńkọ́?" Ẹnu mi ló ti jáde, mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́.

"Yìnyín ba ata tirẹ̀ jẹ́ pátá lọ́dún yìí. Búrẹ́dì tí ẹ ń jẹ yẹn ló gbé wá."

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ lyutenitsa Yonka lórí búrẹ́dì láràárọ̀, ojú mi nínú ìwé, nígbà tó yá ojú mi lórí kọ̀ǹpútà. Ní gbogbo oṣù kẹsàn-án, á jókòó sí ìta pẹ̀lú àwọn aládùúgbò, wọ́n á máa sun ata, wọ́n á máa bó o. Á ké sí mi láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, "Radoy, wá bá mi rò ó díẹ̀, apá ń ro mí." Èmi á ní, "Mò ń bọ̀." Mò ń kọ̀wé nípa ohun tó dára ni. Mi ò lọ rí. Mi ò rí eèpo dúdú kankan rí.

Nevyana ti fi lyutenitsa abọ́ kẹrin pa búrẹ́dì kan kí n tó gbé abọ́ náà lọ, ó ti gé e jẹ dé ìdajì. Ó rọra ti àwo náà sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ gbà, ẹ jẹ ẹ́, Tíṣà."

Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Ó yẹ kí n máa ronú nípa Yonka nígbà yẹn, kí n máa bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé aránṣọ yìí fi òkèlè kan ṣoṣo mọ ìyàwó mi, èmi tí mo fẹ́ ẹ kò mọ̀ ọ́n. Mo wo Nevyana, mo sì jowú rẹ̀ bí mi ò ṣe jowú ẹnikẹ́ni rí láyé mi.