Nígbà Tí Olùkọ́ Wa Kọ̀ Kí A Wọlé

Mo ṣì kéré gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí àrùn ojú ń jà ní Tandabáwì, àdúgbò wa ní Mẹ́kà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni ìyá mi fi ń nu ìpéǹpéjú mi kí ó tó là. Ilé kéwú àwa ọmọ Yorùbá ni mo ń lọ, nínú àgbàlá olùkọ́ wa. Àlàájì yìí wá ṣe hajì, kò padà sílé mọ́, kò sì ní ìkámà, ìwé tí àlejò fi ń gbé ìlú. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọ́n á lé e lọ.

Ìjọba wá fi dókítà àti oògùn ojú ránṣẹ́ sí ilé ìwé ìjọba tó wà nítòsí wa. Wọ́n ní tiwa náà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n múdírì, ọ̀gá ilé ìwé ọ̀hún, kò bi wá ní nǹkan kan. Ó kàn ní kí a kó ọmọ wá ni. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin nìkan ló ń wọ ọgbà rẹ̀, àwa obìnrin la sì pọ̀ jù nílé kéwú wa.

Olùkọ́ wa kó gbogbo wa lọ. Múdírì ní, "Kí àwọn ọkùnrin wọlé. Kí àwọn obìnrin máa lọ sílé."

Olùkọ́ wa bi í pé, "Ṣé ojú kì í dun obìnrin ni?"

"Bí a ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn."

"Ta lẹ bá ṣètò? Ẹ ò bi wá! Bí àwọn obìnrin ò bá gba oògùn, ọkùnrin kankan ò ní wọlé."

Inú bí bàbá mi, tó tẹ̀lé wa lọ. "Àlàájì, ẹ jẹ́ kí ọmọ mi ọkùnrin wọlé! Ẹ ò ní ìkámà, ẹ tún ń bá ìjọba fa wàhálà!"

Olùkọ́ wa kò yí ohùn padà. Ẹ̀gbọ́n mi tí bàbá mi ń jà fún gan-an di ọwọ́ mi mú, kò sì wọlé. A jókòó sínú oòrùn lẹ́bàá ògiri wọn, títí dókítà fúnra rẹ̀ fi jáde wá.

Ó béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ wa pé, "Níbo lẹ fẹ́ kí n ti tọ́jú wọn?"

"Nínú àgbàlá mi."

Ibẹ̀ náà ló sì wá. Ojú mi yá. Ti ọ̀rẹ́ mi kan ti pẹ́ jù, ojú rẹ̀ kan fọ́. Múdírì kò kí olùkọ́ wa mọ́ láéláé, ṣùgbọ́n kò fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Lónìí, ilé ìwé obìnrin kún Mẹ́kà àti Jẹ́dà, bí mo bá sì sọ Yorùbá sí yín, Lárúbáwá lẹ fi ń dá mi lóhùn. Ó dáa. Síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ pé wọ́n ti bá wa ṣètò èyí, wọ́n ti bá wa ṣètò tọ̀hún. Mi ò gbà. Ẹ fi Lárúbáwá sọ ọ́ fún wọn bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́: kí wọ́n kọ́kọ́ bi wá.